Ìgbà Kejì Lábẹ́ Ẹ̀rọ

Bàbá mi ló tẹ káàdì náà,
ní Ṣómólú, lẹ́yìn Bájùláyè,
nínú ṣọ́ọ̀bù tí yíǹkì ti sọ ògiri rẹ̀ di ìyẹ́ ẹtù.
Mo jókòó lórí ìdì pépà, mo ń kà wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá.
Nísàlẹ̀, àpótí kékeré méjì dúró bí ìbejì:
Ó yege sí kíláàsì tó kàn.
Kí ó tún kíláàsì yìí kà.
Ta ni yóò rò pé ọ̀kan nínú ohun tí mò ń kà
ń ka èmi náà?

Oṣù keje, Ìyáàfin Ọ̀ṣínúbi fi bírò pupa fa ìlà sínú àpótí ìsàlẹ̀.
Kò kọ ọ́ pé ọdún ìbò ni,
pé ojú àwọn òǹdíje ni mò ń tò jọ títí di aago kan òru,
ẹ̀rín wọn ò tíì gbẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́,
pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin
orí mi ti wà lórí tábìlì.
Káàdì ò láyè fún ìyẹn.
Ìlà kan péré ni bàbá mi fà síwájú Ọ̀rọ̀ Tíṣà.

Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó dákẹ́.
Ìyá mi ló ní, "Ṣé wọ́n á dá owó ilé ìwé padà ni?"

Oṣù kẹsàn-án, bẹ́ǹṣì kan náà.
Orúkọ tí mo fi bíléèdì gbẹ́ síbẹ̀ ti ń dúró dè mí.
Àwọn ẹgbẹ́ mi gun àtẹ̀gùn lọ;
mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lókè àjà
bí ẹni ń gún iyán tí kò ní pè mí.

Sáà kìíní, mo mọ gbogbo rẹ̀.
Àpárá ewúrẹ́ tó jẹ ọsàn mẹ́wàá,
mo ti rẹ́rìn-ín kí Ìyáàfin tó dá a tán.
Ipò kejì. Ìyá mi ra bọ̀ọ̀lì fún mi.
Sáà kejì, ipò kẹsàn-án.
Sáà kẹta, a dé ibi ìdá.
Kòtò èṣí ṣì lanu sílẹ̀, kò sẹ́ni tó dí i.
Ohun tí kò yé mi, ohùn kan náà ni wọ́n tún fi sọ ọ́,
bí ẹni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò ṣí ìlẹ̀kùn
tó ní òun á ṣáà máa yí i.

Mi ò tíì sọ ti Bánjókòó.
Ọmọ àbúrò bàbá mi, yàrá kan náà là ń sùn.
Ọmọ mẹ́ta ló ti lọ kí wọ́n tó fi orúkọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó.
Ó jókòó lóòótọ́: lórí bẹ́ǹṣì mi, ìgbúnwọ́ rẹ̀ kan tèmi.
Nílé, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n.
Ní kíláàsì, kò pè mí ní nǹkan kan.
Ó rọra ti ìwé rẹ̀ sọ́dọ̀ mi kí n wò ó kọ.
Mo kọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ń tẹ kàlẹ́ńdà.
Ìyeyè ti kọjá; ó tún pépà kó sẹ́nu Kọ́ọ̀dù fún pupa.
Mo ní, kí ló dé tí pépà kan fi ń wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin?
"Àwọ̀ tí kò ní ló ń lọ gbà.
Bí mo bá tún fi ìyeyè tẹ̀ ẹ́,
ìyeyè náà ni. Á kàn nípọn ni."
Ó dá ẹ̀rọ dúró.
Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, aago méje ni mò ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.
Ó gé pépà sí mẹ́rin, ó kó mẹ́ta lé mi lọ́wọ́.
"Ìdá mélòó nìyí?"
Ó yé mi kí omi orí sítóòfù tó hó.

Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù báyìí.
Ilé ìwé yẹn ṣì ń gbé iṣẹ́ wá.
Àpótí méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, kì í ṣe èmi ni mo ni wọ́n.
Ṣùgbọ́n síwájú Ọ̀rọ̀ Tíṣà, ìlà márùn-ún ni mò ń fà.
Wọ́n ní ṣé kò pọ̀ jù?
Mo ní mi ò gbowó rẹ̀.
Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń kọ nǹkan kan síbẹ̀.